Ẹsẹ̀ Bàbá Mi ní Ọjọ́bọ̀ Mímọ́

Ẹnu mi mú. Mi ò fi pamọ́, kò sì sí ẹni tó mọ̀ mí ní Àkúrẹ́ tó máa jiyàn rẹ̀. Ọdún pípẹ́ ni mo ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama, ẹni tó bá sì ti fi gbogbo ayé rẹ̀ sọ pé "ẹ dákẹ́ níbẹ̀ yẹn!", ohùn rẹ̀ kò lè rọlẹ̀ mọ́. Ọkọ mi máa ń sọ pé bí mo bá ń gbàdúrà nílé wa ní Ìjàpọ̀, wọ́n á ṣe àmín ní Ọba-Ilé. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà tí mo máa ń pariwo mọ́ tó kàn máa ń rẹ́rìn-ín, táá sì bi mí pé, "Ṣé o ti parí?" Bàbá mi ni.

Kátíkíìsì ni bàbá mi ní Oǹdó kó tó fẹ̀yìn tì. Òun ló ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe ìrìbọmi, òun ló ń darí àdúrà bí Fadá kò bá sí nílé, òun náà ló ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ka Ìwé Mímọ́ ní Máàsì bí wọ́n á ṣe dúró tí orúnkún wọn ò ní máa gbọ̀n. Nínú ilé, Lẹ́ńtì, ààwẹ̀ ogójì ọjọ́ tó ṣáájú Àjíǹde, ni àsìkò tirẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi eérú sí wa níwájú orí lọ́jọ́rú, ìrọ̀lẹ́ Sátidé ti di ti Ìhìnrere nìyẹn. Bàbá á ka Ìhìnrere tí wọ́n máa kà ní Máàsì lọ́jọ́ kejì, á pa ìwé dé, á wá bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan pé, "Kí lo rí?"

Kì í ṣe kí lo gbọ́, kì í sì ṣe kí lo kọ́. Ohun tí o rí ló fẹ́. Ẹni tó bá ní "ó dára, Bàbá" máa dúró lórí ìdúró títí á fi rí nǹkan tó lórí. Ní ọjọ́ kan tí a ka ti Jésù lẹ́bàá kànga, mo ní mo rí i pé ẹsẹ̀ á ti máa dùn ún, torí ó ti rìn jìnnà. Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà. Bàbá mi wò mí títí, ó kó gbogbo ẹ̀pà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún mi. Mo jẹ ẹ́ níwájú àwọn àbúrò mi, mi ò fún ẹnikẹ́ni ní ẹyọ kan.

Ohun tí a bá rí ló máa ń kọ sínú ìwé ńlá mẹ́ta. Ó jẹ́ mẹ́ta torí pé ọdún mẹ́ta ni Ìjọ wa fi ń ka àwọn Ìhìnrere ọjọ́ Ìsinmi yí po kó tó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé kan fún ọdún kan. Orúkọ àwa ọmọ wà níbẹ̀, níwájú ohun tí kálukú rí. Ti ẹsẹ̀ tó ń dun Jésù yẹn ṣì wà níbẹ̀ dòní, Bàbá sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, kí Lẹ́ńtì tó wọlé, ojú bàbá mi ti bàjẹ́ débi pé kò lè kàwé mọ́. Ìtọ̀ ṣúgà ló fà á. Ó lè rí ènìyàn tó bá dúró níwájú rẹ̀, ó lè rí ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà inú ìwé ti di eruku lójú rẹ̀. Ìyá mi ti kú. Àbúrò bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Kékeré, ló ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ tó ń se oúnjẹ fún un. Èmi ni àkọ́bí, èmi náà ni mo wà nítòsí jù nínú àwa ọmọ. Lọ́jọ́rú Eléérú, ó pè mí lórí fóònù.

"Tíṣà," ló wí, torí bẹ́ẹ̀ ló ń pè mí láti ọjọ́ tí mo ti gba iṣẹ́, "ta ni yóò ka Ìhìnrere fún mi?"

"Ṣebí Ìyá Kékeré wà níbẹ̀, Bàbá."

"Ìyá Kékeré á kà á. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi í pé kí ló rí, á ní òun rí ìkòkò lórí iná."

Báyìí ni mo ṣe di èrò Oǹdó ní gbogbo Sátidé. Màá jáde nílé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, màá wọ mọ́tò ní páàkì. Bí a bá dé Bọ́lọ́rundúró, màá ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n lọ́wọ́ àwọn tó máa ń sáré tẹ̀ lé ọkọ̀, torí dókítà ní òun ló dára fún bàbá mi. Bí mo bá dé ilé, màá rí i lórí àga rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ti wẹ̀, tó ti wọ agbádá péńpé, tí ìwé ńlá àti bírò ti wà lórí tábìlì. Ká má parọ́, inú mi máa ń dùn. Mo máa ń kùn fún ọkọ mi pé ọ̀nà jìn, ṣùgbọ́n láti ọjọ́bọ̀ ni mo ti máa ń ka Ìhìnrere náà lábẹ́lẹ̀, kí n lè rí nǹkan tí kò ní retí.

Ọ̀sẹ̀ kìíní jẹ́ ti aginjù, níbi tí Sátánì ti ní kí Jésù sọ òkúta di búrẹ́dì. Kí n tó kà á, mo bi bàbá mi pé kí ló fi sílẹ̀ nítorí Lẹ́ńtì.

Ó fọwọ́ nu ẹnu. "Ṣúgà," ló wí. "Àti mínírà."

Mo fò dìde. "Bàbá! Ṣúgà tí dókítà ti gbà lọ́wọ́ yín láti ọjọ́ yìí? Ṣé Ọlọ́run ò mọ ilé dókítà ni?"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Dókítà ò fi bẹ́ẹ̀ gbà á tán," ló wí. Ìyá Kékeré tó wà ní ilé ìdáná náà bú sẹ́rìn-ín, mo sì mọ̀ pé wọ́n ti jọ ń ṣe é bọ̀.

Ààwẹ̀ gan-an tún wà níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ àwọn ará ìjọ pé ẹni tó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún, òfin ààwẹ̀ kò mú un mọ́, àti pé aláìsàn kò gbọdọ̀ febi pa ara rẹ̀. Nígbà tó kan òun, ó ní àwọn arúgbó ni òfin yẹn wà fún. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mo pariwo, mo fẹsẹ̀ halẹ̀, mo pe orúkọ gbogbo àwọn ẹni mímọ́. Ó ní, "Ṣé o ti parí?" Lẹ́yìn náà ló gbà láti máa jẹun àárọ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé.

Ohun kan wà tí mo rí lọ́jọ́ náà tí mi ò kọ sínú ìwé. Bàbá mi wọ ìbọ̀sẹ̀. Oòrùn Oǹdó lásìkò yẹn, tí páànù òrùlé ń dún tááà-tááà, ìbọ̀sẹ̀ dúdú tó ga dé agbede ojúgun! Mo bi í léèrè, ó ní òtútù máa ń mú ẹsẹ̀ arúgbó. Mo ní ṣebí ó ti ní òun kì í ṣe arúgbó nígbà tí a ń sọ̀rọ̀ ààwẹ̀. A rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà sì tán síbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, tí Jésù tàn yòò lórí òkè, Pétérù ní kí àwọn pàgọ́ mẹ́ta. Bàbá mi ní òun rí i pé Pétérù ò lè dákẹ́, pé ó jọ ẹnì kan tó ń gbé ní Ìjàpọ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, mo sì kọ orúkọ rẹ̀ síwájú rẹ̀ gàdàgbà, kí ọmọ ọmọ lè mọ ẹni tó bú mi.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ló kan obìnrin ará Samáríà tó wá pọnmi lọ́sàn-án gangan. Mo ti múra fún ìyẹn dáadáa. Mo ní mo rí i pé obìnrin yẹn ń sá fún ẹnu àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣe wá nígbà tí oòrùn mú jù. Bàbá mi mi orí, ó ní ìyẹn ti wà nínú ìwé láti ìgbà tí mo wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

"Èmi rí nǹkan mìíràn," ló wí. "Jésù tó fẹ́ fún un lómi ìyè, òun ló kọ́kọ́ tọrọ omi. Ó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó, ó ní kó fún òun mu. Kò tijú. Tíṣà, kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ tí kò lè sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ni Ọlọ́run fẹ́ ṣe fún un?"

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ lọ́wọ́, ó rọra fa ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sẹ́yìn, sábẹ́ àga. Mo rí i tó fà á. Mo rò pé ó fẹ́ jókòó dáadáa ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo bá ìròyìn ayọ̀ nílé. Ní Ọjọ́bọ̀ Mímọ́, ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ikú Olúwa, Fadá máa ń wẹ ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn méjìlá níwájú ìjọ, bí Jésù ṣe wẹ ẹsẹ̀ àwọn àpọ́sítélì. Bàbá mi ló ń ṣètò àwọn méjìlá yẹn ní gbogbo ọdún tó fi jẹ́ kátíkíìsì. Èmi gan-an máa ń wò wọ́n nígbà tí mo wà lọ́mọdé, a máa ń rẹ́rìn-ín wọn, torí kí Fadá tó wẹ ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ti fi kànrìnkàn bó o, wọ́n ti fi òkúta ha gìgísẹ̀, wọ́n ti fi òrí pa á títí táá máa dán. Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni Fadá máa ń wẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin bàbá mi ni pé bàtà méjèèjì gbọ́dọ̀ kúrò lẹ́sẹ̀. Ó ní ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ kan wọ bàtà níwájú Ọlọ́run, ó ń múra àtisá lọ ni. Gbogbo ìjọ mọ òfin yẹn, títí dòní ni wọ́n ń pa á mọ́.

Òun fúnra rẹ̀ kò jókòó níbẹ̀ rí. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ló máa ń dúró sí, táá máa fojú ka àwọn ẹlòmíràn. Nítorí náà, nígbà tí Fadá tuntun, ọ̀dọ́mọkùnrin tó lè jẹ́ ọmọ ọmọ rẹ̀, wá sílé láti sọ fún un pé ó wà lára àwọn méjìlá ti ọdún náà, Ìyá Kékeré ní òun kúnlẹ̀ dúpẹ́. Mo gbọ́, mo jó dé ọ̀dọ̀ bàbá mi.

"Mo ti ní kí Fadá wá ẹlòmíràn," ló wí.

"Ẹ ti ní kí ni?"

"Ẹni tó bá kéré sí mi. Ẹsẹ̀ mi ti gbó."

Mo rò pé àwàdà ni. Nígbà tí mo rí i pé kì í ṣe àwàdà, inú bí mi. Mo ní ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ wa pé kò dára bí Pétérù ṣe ní Olúwa kò ní wẹ ẹsẹ̀ òun láéláé, ẹ̀yin náà ló wá ń ṣe Pétérù yìí.

"Pétérù kì í ṣe ará Oǹdó," ló wí.

"Ìgbéraga ni, Bàbá!"

Kò bi mí pé ṣé mo ti parí. Mo gbé fóònù, mo pe Fadá níwájú rẹ̀, mo ní kó má dá bàbá lóhùn, wọ́n ń bọ̀, èmi fúnra mi ni màá mú wọn wá. Ẹ ò rí i bí ara mi ṣe yá gágá! Mo ṣẹ́gun. Mo wá ṣí Ìhìnrere, ti ọkùnrin tí wọ́n bí ní afọ́jú ló kàn, mo sì sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí àwọn Farisí, pé ojú wọn là kedere, wọn ò sì rí ohun tó wà níwájú wọn. Róòbù ń rùn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo rò pé làkúrègbé ni.

"Ó dára," ni bàbá mi wí nígbà tí mo parí. Ní ilé wa! Ní ilé tí wọ́n ti máa ń dá wa dúró nítorí "ó dára". Ó yẹ kí n ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan ń ṣe é.

Lásárù ló kan lọ́sẹ̀ karùn-ún. Mo kà á dé ibi tí Jésù ti ní kí wọ́n gbé òkúta kúrò lẹ́nu ibojì, tí Màtá wá sọ fún un pé arákùnrin òun á ti máa rùn. Bàbá mi gbé ọwọ́ sókè.

"Dúró ná," ló wí. "Tún ibẹ̀ kà."

Mo tún un kà. Mo wo ojú rẹ̀, mo rò pé ìyá mi ló ń rántí, àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní kí n máa kà á lọ. Nígbà tí mo bi í pé kí ló rí, ó ní ó rẹ òun, ká kọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo fi ojú ewé yẹn sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan sí i.

Ní ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, kò bá wa yí ìlú ká pẹ̀lú imọ̀ ọ̀pẹ. Ó jókòó sínú ọkọ̀ aládùúgbò kan títí a fi parí.

Lọ́jọ́rú Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, ilé ìwé ti gba ìsinmi, mo wá sí Oǹdó láàárọ̀ láìsọ fún wọn. Mo ti ra ṣòkòtò funfun fún ti ọjọ́ kejì. Mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ìyá Kékeré ló wà lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, tó ń fọ ìbọ̀sẹ̀ dúdú nínú omi iyọ̀ gbígbóná. Omi náà pọ́n. Òórùn tó ti inú rẹ̀ jáde, kì í ṣe òórùn róòbù.

Ó rí mi, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí.

"Ó ní kí n má sọ," ló wí. "Ó mú kí n fi Rósárì búra."

Egbò ni, ó ti ju oṣù méjì lọ. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì tó kéré jù ni. Ìyá Kékeré ló ti ń tú oògùn kápúsù sójú egbò náà, wọ́n ń fi ìbọ̀sẹ̀ bò ó, wọ́n ń fi róòbù pa òórùn rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí mo ń jókòó níwájú ẹsẹ̀ yẹn, tí mo ń wàásù! Mo wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Bàbá mi ń gbọ́ rédíò. Mo la ẹnu pé kí n pariwo, ohùn kò jáde. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ìyẹn ò ṣẹlẹ̀ rí.

Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "O ti rí i," ló wí.

"Kí ló dé, Bàbá? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Wọ́n á gé e," ló wí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà, wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ọmọ ìka kan ló gbé lọ sí ọsibítù, ẹsẹ̀ kan ló gbé bọ̀ wálé, kò sì wá sí ìjọ mọ́ títí ó fi kú. "Mo fẹ́ rin Ọ̀nà Àgbélébùú lọ́jọ́ Ẹtì Mímọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ibùdó mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá, bí Olúwa ṣe ru àgbélébùú tirẹ̀. Bí mo bá ti rìn ín tán, kí wọ́n ṣe ohun tó wù wọ́n."

"Ẹ jẹ́ kí n wò ó."

"Rárá."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ní rárá. Ìwọ kọ́ ló máa wẹ èyí. Èmi ni mo wẹ ìwọ."

Mo mọ bàbá mi. Bí mo bá fa ìbọ̀sẹ̀ yẹn tipátipá, á dá mi dúró, á sì padà sínú yàrá, á ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn nọ́ọ̀sì pé irú egbò bẹ́ẹ̀ lè gba ẹsẹ̀, ó sì lè gba ẹ̀mí. Mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe mọ́, ni mo bá ṣe ohun tí a mọ̀ ọ́n ṣe nínú ilé wa. Mo jókòó sílẹ̀ níwájú àga rẹ̀, mo mú ìwé Máàsì látinú báàgì, mo ṣí Ìhìnrere ti Ọjọ́bọ̀ Mímọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Mo kà á bí Jésù ṣe dìde nídìí oúnjẹ, bó ṣe bọ́ aṣọ òkè rẹ̀, bó ṣe di aṣọ ìnura mọ́ ìdí, bó ṣe bu omi sínú àwo, tó sì dé ọ̀dọ̀ Pétérù. Mo kà á parí. Mo pa ìwé dé.

"Kí lẹ rí, Bàbá?"

Ìyá Kékeré ti wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù fún omi. Rédíò ń sọ̀rọ̀ lọ, òun ló nawọ́ pa á.

"Mo rí i pé ẹ̀rù ń ba Pétérù," ni bàbá mi wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ènìyàn pé ìgbéraga ni. Kì í ṣe ìgbéraga. Ẹ̀rù ni. Kò fẹ́ kí ẹni tó fẹ́ràn òun rí ẹsẹ̀ òun."

Ó tẹ̀ síwájú. Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ náà fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, torí ó ti lẹ̀ mọ́ ọn lára.

"Gbé omi wá," ló wí.

Mi ò ní ròyìn ohun tí mo rí. Ó dúdú, ó sì ti jinlẹ̀. Mo fi omi tí kò gbóná wẹ̀ ẹ́, mo fi aṣọ funfun kàn án níbi tó burú jù, mo ń retí kó ké. Kò ké. Kò mọ̀ pé mo fọwọ́ kàn án. Ìgbà yẹn ni mo sunkún, mo sunkún bí ọmọdé, omijé mi ń kán sínú abọ́. Bàbá mi gbé ọwọ́ lé mi lórí. "Tíṣà," ló ń wí, "Tíṣà, ó tó." Kó tó di ọ̀sán, aládùúgbò tó ní ọkọ̀ ti ń gbé wa lọ sí Àkúrẹ́.

Dókítà ní ọmọ ìka náà ti kú, ó gbọ́dọ̀ kúrò, ṣùgbọ́n òun á gbìyànjú ẹsẹ̀ náà. Ó ní bí a bá ti jẹ́ kí Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ parí, orúnkún là bá máa sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó wá bèèrè pé kí ló kọ́kọ́ dá egbò náà sí i lẹ́sẹ̀. Bàbá mi ní òun kò mọ̀. Ìyá Kékeré wolẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ nínú, mo ní kó sọ.

"Bàtà Kérésìmesì ni," ló wí. "Ó fún un díẹ̀. Bàbá rẹ ní ká má jẹ́ kí o gbọ́, pé inú rẹ á bàjẹ́."

Èmi ni mo ra bàtà yẹn. Àkúrẹ́ ni mo ti rà á, aláwọ, ó ń dán, mo sì ti fi gbogbo ọjọ́ Kérésìmesì bi í pé ṣé ó bá a lẹ́sẹ̀ mu. Ó ní ó bá a mu rẹ́gí. Ó wọ̀ ọ́ lọ sí Máàsì, ó wọ̀ ọ́ kiri àdúgbò, ó ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé ọmọ òun ló rà á. Mo jáde lọ dúró sí kọ́rídọ̀ ọsibítù, mi ò lè wo ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ Mímọ́ ni wọ́n gé ọmọ ìka náà. Nígbà tó jí lójú oorun oògùn, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé àwọn méjìlá pé. Fadá ti sọ fún mi lórí fóònù pé òun fi àga kan sílẹ̀ lófìfo, ẹsẹ̀ mọ́kànlá lòun sì wẹ̀. Mo sọ fún un. Ó ní Fadá ò gbọ́n, ó yẹ kó ti fi ẹlòmíràn sí i. Ṣùgbọ́n mo rí i pé inú rẹ̀ dùn. Lọ́jọ́ kejì, kò rin Ọ̀nà Àgbélébùú. Mo jókòó ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo ń ka ibùdó mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá fún un, ó sì ń gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún díẹ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora bí a bá ti ń bọ́ sí ibùdó mìíràn.

Ẹsẹ̀ náà jinná. Ó gbà títí di ìgbà òjò, ṣùgbọ́n ó jinná. Ọ̀dọ̀ mi ní Ìjàpọ̀ ló ń gbé báyìí, òun àti Ìyá Kékeré, ilé ti kún, ọkọ mi ní ohùn tó ń pariwo ti di mẹ́ta. Dókítà pàṣẹ pé kí a máa wo ẹsẹ̀ méjèèjì lójoojúmọ́, kí a wo àárín ọmọ ìka, kí omi má dúró síbẹ̀. Èmi ni mò ń ṣe é. Bí mo bá ti dé láti ilé ìwé, màá gbé abọ́ wá, òun á ti bọ́ bàtà sílẹ̀ kí n tó dé. Ní Lẹ́ńtì ọdún yìí, ibẹ̀ la ti ń ka Ìhìnrere, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí itan mi, ìwé ńlá lórí tábìlì. A padà sójú ewé Lásárù tí mo fi sílẹ̀ lọ́jọ́sí. Ó ní kí n kọ ọ́ pé òun rí i pé Jésù lè gbé òkúta náà kúrò fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó wà nílé ló ní kí wọ́n gbé e.

Fadá tún pè é fún Ọjọ́bọ̀ Mímọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò dá sí i. Ó ní òun ń lọ.

Mo gbé e lọ sí Oǹdó. Mo mú un jókòó sórí àga kejìlá, èyí tó sún mọ́ èrò ìjọ jù, mo sì lọ jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n bọ́ bàtà, bàtà méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí òfin rẹ̀. Ẹsẹ̀ mọ́kànlá tó ń dán fún òrí, gbogbo wọn ni ẹsẹ̀ ọ̀tún, Fadá wẹ̀ wọ́n títí ó fi dé ọ̀dọ̀ bàbá mi. Ó kúnlẹ̀, ó nawọ́ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún.

Bàbá mi fa ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì, èyí tí ọmọ ìka rẹ̀ ku mẹ́rin, ó nà án jáde gbangba níwájú gbogbo ìjọ tó kọ́ fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Àwọn tó wà níwájú rí i. Akọrin kan gbàgbé orin. Fadá gbójú sókè wò ó, ó wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ náà, ó da omi sí i, ó wẹ̀ ẹ́, ó nù ún, ó tẹrí ba, ó fẹnu kò ó níbi tí ojú àpá náà wà.

Nígbà tí Fadá padà sí pẹpẹ, mo tẹ̀ síwájú láti bá bàbá mi wọ bàtà rẹ̀. Ó tẹ orí sílẹ̀ sí mi létí.

"Tíṣà," ló wí, "kí lo rí?"

Mo ní, "Mo rí ẹsẹ̀ yín, Bàbá."

"Kọ ọ́ sílẹ̀," ló wí.